Ẹ̀rí Tí Ọkọ̀ Ń Jẹ́ Nípa Ara Rẹ̀

Lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, nítòsí orúnkún awakọ̀, ni sọ́kẹ́ẹ̀tì kan máa ń wà tó ní píìnì 16. Gbogbo ọkọ̀ kéékèèké tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ló ní in, torí náà ọ̀pọ̀ nínú àwọn Tòkunbọ̀ tó ń ná ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde sí Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin ló gbé e wá láti òkè òkun. Mẹkáníìkì á ki orí wáyà bọ̀ ọ́, á so ìdí rẹ̀ mọ́ laptop, á yí kọ́kọ́rọ́ láìṣíná, kò sì ní pẹ́ tí lẹ́tà kan àti nọ́ńbà mẹ́rin á fi yọ lójú kọ̀ǹpútà: P0171, P0301, P0420. Olówó ọkọ̀ tó dúró tì í á béèrè pé, "Kí ló sọ?" Ìbéèrè gáréèjì nìyẹn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ ló wà nídìí rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá sọ̀rọ̀ nípa àìsàn ara rẹ̀, ṣé a ti mọ ohun tó ń ṣe é, àbí a kàn gbọ́ ni? Lójú tèmi, a kàn gbọ́ ni. Ẹlẹ́rìí ni kóòdù. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí dájọ́ láìwádìí, ọrùn rẹ̀ ni ẹ̀bi ìdájọ́ náà wà, kò lè dì í lé kọ̀ǹpútà lórí.

Ẹ jẹ́ ká mú P0171. Ohun tó wí ni pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ nínú ohun tí ẹ́ńjìnnì ń jó, ó sì parí síbẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tó wà lára sàlẹ́ńsà ló ń tọ́ èéfín wò. Bó bá ti rí afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀, brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, á máa fi epo kún epo, títí àfikún náà á fi kọjá ààlà tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ fi lélẹ̀. Ìgbà yẹn ni iná check engine á tàn. Kí ló fà á? Ó lè jẹ́ rọ́bà tó bẹ́, tí afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé láìjẹ́ pé wọ́n wọ̀n ọ́n. Ó lè jẹ́ sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́, tí eruku ti bò, tàbí pọ́ǹpù epo tí kò lágbára mọ́, tàbí fíltà tó dí, tàbí sàlẹ́ńsà tó lu níwájú sẹ́ńsọ̀. Kóòdù kan náà ni gbogbo wọn máa gbé jáde. Ohun tó sì sábà ń ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n á pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn, torí òun ló sọ̀rọ̀. Iná á kú fún ọjọ́ mélòó kan nítorí pé wọ́n pa kóòdù rẹ́, lẹ́yìn náà á tún tàn. Ẹni tó figbe ta pé olè ń bọ̀ ni wọ́n tì mọ́lé.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kò ṣàjèjì sí ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹ̀rí àti ìdájọ́. Kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmágbọ̀n lọ́dún 1892, ọ̀dọ̀ àwọn àgbà Òṣùgbó, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń gbẹ́jọ́, ni ẹjọ́ tó bá le máa ń dé. Òwe tí gbogbo wa jọ ń pa, pé agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà, sì wúwo ju bí a ṣe ń lò ó lọ. Ẹ tún un yẹ̀ wò: kò síbi tó ti sọ pé irọ́ ni ẹni tó kọ́kọ́ rojọ́ pa. Ó lè jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé ló sọ. Àgbà tó dájọ́ lórí rẹ̀ ṣì ni òṣìkà, kódà kí ìdájọ́ náà bọ́ sí i. Nítorí náà, mẹkáníìkì tó tìtorí kóòdù nìkan ní kí oníbàárà ra kọ́ìlì tuntun, èyí tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná, tó sì wá jẹ́ pé kọ́ìlì gan-an ló bàjẹ́, orí ló bá a ṣe é, kò mọ̀. Ọkọ̀ ń lọ, oníbàárà ń dúpẹ́, síbẹ̀ bó ṣe ṣe é lónìí ni yóò ṣe é lọ́la, lára ẹni tí kò yẹ kó ná kọ́bọ̀. Ọ̀nà tó gbà dé ìdájọ́ ni òwe náà ń bá wí.

Kí ló wá ń sọ ohun tí a gbọ́ di ohun tí a mọ̀? J. Olubi Sodipo, tó jẹ́ gíwá àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ògùn ní Àgọ́-Ìwòyè, àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ará Amẹ́ríkà, Barry Hallen, tẹ ìwé kan jáde lọ́dún 1986 lórí ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu àwọn oníṣègùn Yorùbá. Ohun tó jáde níbẹ̀ ni pé ohun tí ojú ẹni rí, tí ọkàn ẹni sì jẹ́rìí sí, nìkan lèèyàn lè ní òun mọ̀. Ohun tí wọ́n sọ fúnni, bó ti wù kí ẹni tó sọ ọ́ ṣeé gbára lé tó, ìgbàgbọ́ ni títí a ó fi dán an wò. Ìdánwò tí mo fẹ́ràn jù nídìí iṣẹ́ mẹkáníìkì kò sì náni ní nǹkan kan. Ká ní P0301 ló yọ, pé síléńdà kìíní kò jó epo rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ó lè jẹ́ kọ́ìlì, ó lè jẹ́ púlọ́ọ̀gì, ó lè jẹ́ ínjẹ́tọ̀, ó sì lè jẹ́ fáàfù tó ń jò. Mẹkáníìkì á tú bóòtù, á fa kọ́ìlì kìíní yọ, á gbé e sórí ìkẹta, á gbé ti ìkẹta wá sórí ìkíní, á pa kóòdù rẹ́, á ṣíná, á sì wa ọkọ̀ náà díẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá wá pe P0303, àìsàn náà ti tẹ̀ lé kọ́ìlì lọ síbi tuntun, ojú ti rí i. Bó bá ṣì jẹ́ P0301, kọ́ìlì ti bọ́ nínú ẹjọ́. Ti P0171 náà kò yàtọ̀: laptop tó gbé kóòdù jáde lè máa fi hàn, bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ, iye epo tí brain box ń fi kún un. Bí iye náà bá ga nígbà tí ọkọ̀ dúró jẹ́ẹ́, tó sì ń wálẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tẹná mọ́ ọn, rọ́bà tó lu ni kí wọ́n kọ́kọ́ wá lọ. Bó bá ń ga sí i ni, kí wọ́n kọjú sí pọ́ǹpù epo.

Ẹnì kan lè sọ pé ẹlẹ́rìí tí mò ń fura sí yìí sàn ju èèyàn lọ, torí kì í gba rìbá, kò sì ní ọmọ ìyá nínú ẹjọ́ náà. Ó tún lè ní etí àgbà mẹkáníìkì tí à ń yìn kò lè gbọ́ ohun tó ṣẹ́jú wáí lórí márosẹ̀ Ṣágámù sí Benin, nígbà tí brain box ti kọ ọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú eré tí ọkọ̀ ń sá àti bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó lásìkò náà. Mo gbà. Mi ò sì ní ká padà sí ayé etí nìkan. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń pè ní ìrírí nígbà náà, àbá lásán ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kì í purọ́ lè ṣì í rí, ẹlẹ́rìí yìí kò sì wo ibi tí wọn kò ní kó wò. Òfin èéfín ọkọ̀ ní California ló bí ètò kóòdù yìí, torí náà ọ̀rọ̀ èéfín ló jẹ ẹ́ lógún jù. Bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì tó fẹ́ já lórí eré kò ní kóòdù kankan, ṣọ́ọ̀kì tó ti kú náà kò ní. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, ìjọba Amẹ́ríkà tú àṣírí Volkswagen, pé wọ́n ti kọ́ ọpọlọ àwọn ọkọ̀ oní-dísù wọn láti dá ibi àyẹ̀wò mọ̀, kí wọ́n ṣe dáadáa níbẹ̀, kí wọ́n sì máa tú èéfín bó ṣe wù wọ́n lójú títì. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 11 ọkọ̀ lọ́rọ̀ náà kàn káàkiri ayé. Ẹlẹ́rìí náà kò gba rìbá lóòótọ́. Wọ́n ti kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ kó tó dé kóòtù.

Àtakò kejì le ju èyí lọ. Ta ló sọ pé àìsàn ni? Lọ́dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń yọ thermostat, tó ń ṣọ́ bí omi ẹ́ńjìnnì ṣe ń gbóná, dànù, pé ilẹ̀ wa ti gbóná jù fún un. Lẹ́yìn náà P0128 á yọ, pé omi ẹ́ńjìnnì kò gbóná dé ibi tó yẹ, wọ́n á sì ní kóòdù òyìnbó ni, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ olótùútù ni, kò kàn wá. Ìdajì òótọ́ wà níbẹ̀: èèyàn ló fa ààlà yẹn, ibi tí wọ́n sì ti fà á jìnnà sí Ìmùṣin. Ṣùgbọ́n pé èèyàn ló fa ààlà kò túmọ̀ sí pé kò sí nǹkan lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí kò gbóná tó, brain box á rò pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí ni, á sì máa bu epo fún un ju bó ṣe yẹ lọ. Náírà wa la fi ń ra epo yẹn. Ẹni tó bá ní kóòdù náà kò kàn wá, kó wọn epo kó tó sọ bẹ́ẹ̀, torí òun náà ń dájọ́ láìgbẹ́jọ́.

Àwọn mìíràn á mú Ifá wá, pé àwọn baba wa náà fi àmì ṣe ìpinnu. Ti pé odù 256 bá ìṣirò kọ̀ǹpútà mu, wọ́n ti sọ ọ́ tó, mi ò ní tún un sọ. Ohun tí wọ́n ń gbàgbé ni iṣẹ́ tó wà láàárín àmì àti ìpinnu. Bí ọ̀pẹ̀lẹ̀ bá ti balẹ̀ tí odù yọ, babaláwo kò tíì parí nǹkan kan. Ẹsẹ pọ̀ nínú odù kan. Á fi ìbò wádìí bóyá ire ni àbí ibi, àti irú èyí tó jẹ́, ẹni tó wá dífá á sì sọ ẹsẹ tó kan ọ̀ràn rẹ̀. Kódà Ọ̀rúnmìlà tí wọ́n gbà pé ó wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ̀dá ń yan orí, Ẹlẹ́rìí Ìpín ni wọ́n ń kì í. Sẹ́ńsọ̀ tó jẹ́ pé èéfín nìkan ló ṣojú rẹ̀ kò lè ga ju ìyẹn lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti di ẹ̀ṣẹ̀ gan-an ni bọ́tìnnì tó ń pa kóòdù rẹ́. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ ń bọ̀ ti pa ẹlẹ́rìí. Ẹlẹ́rìí náà kì í sì í kú tán. Àkọsílẹ̀ àyẹ̀wò tí brain box ń ṣe fún ara rẹ̀ á lọ pẹ̀lú kóòdù, laptop á sì máa fi hàn pé ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò náà kò tíì parí, títí wọ́n á fi wa ọkọ̀ náà fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tó mọ ibẹ̀ wò á béèrè ìdí, torí yíyọ bátìrì náà lè fa ohun kan náà. Ṣùgbọ́n kí a tó dá àwọn mẹkáníìkì àti alágbàtà lẹ́jọ́, àwa oníbàárà náà ní ìpín níbẹ̀. Bí wọ́n bá ní sẹ́ńsọ̀ la máa rà, a ò ní janpata, torí a rí ohun tí a gbà lọ́wọ́. Bí mẹkáníìkì bá sì fi wákàtí méjì wádìí, tó wá rí i pé rọ́bà kékeré kan ló lu, owó rọ́bà yẹn nìkan la máa ń fẹ́ san fún un.