Òkun Nínú Àpótí Dígí

Láàárín àwọn òkè Àjọwá-Àkókó, ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé wa ni kò fojú kan òkun rí. Ó ha tọ́ kí a kó ẹ̀dá etí òkun sínú àpótí dígí kí irú wọn lè rí i bí?

Ní London ni a ti kọ́kọ́ ṣí irú ilé bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, ní 1853; Philip Henry Gosse wà lára àwọn tí ó kó ẹ̀dá wá síbẹ̀. Àwọn ìwé rẹ̀ mú kí ènìyàn rọ́ lọ sí etí òkun, títí ọmọ rẹ̀, Edmund, fi kọ̀wé ní 1907 pé wọ́n ti sọ àwọn adágún àárín àpáta di ahoro. Ìfẹ́ ni ó ṣe é, ẹ̀yin olùkọ́!

Síbẹ̀ a kò ní kí a ti irú ilé náà pa. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí yóò kọ́ ọ rántí pé omi etí òkun a máa kún, a sì máa fà. Ewéko ibẹ̀ ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀, akàn sì ń fẹ́ ihò tí yóò sá sí. Bí a bá mú ihò náà kúrò kí ọmọ lè tètè rí akàn, irọ́ ni a fi kọ́ ọ. Bí akàn bá farapamọ́, kí ọmọ náà dúró dè é.