Ọ̀pọ̀, Ọ̀wọ́n àti Èènì

Ní ọjà Yorùbá, ohun tí a fẹ́ rà lè pọ̀, ó sì lè wọ́n. Ẹ̀kẹta wà tí a kì í sábà ronú sí, òun ni èènì. Ìyá elélùbọ́ wọn kóńgò kan tán, ó bu díẹ̀ lé e. Èènì kì í ṣe gbèsè, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọrẹ lásán. Òun ni ó ń mú kí ẹsẹ̀ oníbàárà padà wá. Ṣùgbọ́n bí èènì náà bá jẹ́ ìmọ̀ àti àkókò ńkọ́, tí a kò lè rí i bù lé kóńgò? Ǹjẹ́ a jẹ ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun lórí rẹ̀?

Ẹni tí ó bá jìn sí kòtò ní í kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Mo ní àwọn kásẹ́ẹ̀tì ìjálá tí mo gbà sílẹ̀ nígbà tí mo ń ṣe ìwádìí ní ọdún 1996. Púpọ̀ nínú àwọn tí ohùn wọn wà níbẹ̀ ni ó ti di ará ọ̀run. Nígbà tí ẹ̀rọ mi bàjẹ́, mo lọ sí ilé ìtajà kan ní Ìbàdàn. Bàbá tí ó ni ín kò kọ́kọ́ dárúkọ owó. Ó bi mí bí yàrá mi ti tóbi tó àti ohun tí mo fẹ́ máa gbọ́. Ó fi òwú àti sípíríìtì nu ẹnu ẹ̀rọ kan, ó so ó mọ́ gbohùngbohùn mẹ́ta lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ní kí n jókòó kí n gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì mi. Wákàtí kan gbáko ni a lò. Ó pe iye rẹ̀. Mo ní, “Bàbá, mò ń bọ̀.”

Kí n má purọ́, kí n tó jókòó ni mo ti mọ̀ pé ọjà Alaba ní Ọ̀jọ́, ní Èkó, ni n óò ti rà á. Mo rí irú ẹ̀rọ náà níbẹ̀ ní ọ̀pọ̀, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà. Òǹtajà kò sọ pé iná 110 fólítì ni wọ́n ṣe é fún, èmi náà kò sì béèrè. Iná tiwa ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Kí orin tó dún, èéfín ti ń yọ. Mo pe òǹtajà náà. Ó ní ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà.

Asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn baba wa pe rédíò, nítorí pé ó ń sọ̀rọ̀, kò sì ń gba èsì. Mo wá rí i pé òǹtajà náà lè jẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì: ẹnu rẹ̀ á dùn kí a tó sanwó, etí rẹ̀ á di lẹ́yìn tí a bá san án tán.

N kò bú ọ̀pọ̀. Owó oṣù olùkọ́ kò tó nǹkan, olóòótọ́ sì wà ní Alaba. Àwọn kan sì wà tí ọjà wọn wọ́n láìní èènì kankan. Owó ẹ̀rọ amúlétutù ṣọ́ọ̀bù wọn ni oníbàárà ń bá wọn san.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ìyà ojúkòkòrò ni ó jẹ mí. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ náà bá ti ṣiṣẹ́ dáadáa ńkọ́? Mo ṣì jẹ̀bi. Lóòótọ́, ẹni tí ó wo ọjà tí kò rà kò jẹ gbèsè. Àmọ́ ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tí ó ń wá ohun tí yóò rà àti ẹni tí ó ti pinnu pé ibòmíràn ni òun yóò ti rà á. Ìnájà ni ti àkọ́kọ́, ẹ̀tàn ni ti èkejì. Mo fi ìmọ̀ ẹnì kan ra ọjà ẹlòmíràn. Bí gbogbo wa bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, bàbá náà yóò ti ilẹ̀kùn, a ó sì máa wá irú rẹ̀ kiri. Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́.

Mo gbé ẹ̀rọ tí ó jóná náà tọ̀ ọ́ lọ. Ó wò ó, ó wò mí. Ó ní, “Dókítà, ẹ káàbọ̀. Ẹ kúkú ní ẹ ń bọ̀.” Ó pààrọ̀ tiransífọ́mà rẹ̀, ohùn àwọn àgbà sì tún dún. N kò ná an ní owó iṣẹ́. Mo fẹ́ san ti wákàtí àkọ́kọ́ mọ́ ọn, kò gbà. Ó ní èènì ni. Bí òun kò tilẹ̀ kà á sí gbèsè, èmi mọ̀ pé gbèsè ni.