Gbèsè Wo Ni A Jẹ Ẹni Tí A Kò Tíì Bí?

Ẹni tí a kò tíì bí kò lè pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Kò ní ohùn nínú ìpàdé, kò ní káàdì ìdìbò, kò sì lè dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é lóore. Ìdí nìyí tí ìbéèrè yìí fi le: ṣé a lè jẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní gbèsè? Bí a bá sì jẹ ẹ́, kí ni a jẹ ẹ́ gan-an?

Ní ọdún 1987, ìgbìmọ̀ kan tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé kalẹ̀, tí Gro Harlem Brundtland, obìnrin ará Norway, jẹ́ alága fún, gbé ìdáhùn kan jáde. Wọ́n ní ìdàgbàsókè tó tọ́jọ́ ni èyí tó ń gbọ́ bùkátà àwọn tó wà láyé lónìí, tí kò sì dí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lọ́wọ́ láti gbọ́ bùkátà tiwọn. Olùkọ́ wa kọ ọ́ sójú pátákó, a sì há a sórí. (Àfojúsùn 17 ni Àjọ náà tún gbé kalẹ̀ ní 2015, tí wọ́n fẹ́ kó ṣẹ kí ọdún 2030 tó parí. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n ó ṣòro há sórí.) Ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìwé ti 1987 yẹn tí a kì í sábà kà jáde: pé bùkátà àwọn tálákà ni kí a kọ́kọ́ rò.

Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn nítorí pé ìyá mi ń ta èédú.

Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Obbo-Ilé kọjá yóò ti rí àpò èédú létí títì. Igi àyin àti igi ẹmì wà lára àwọn tí àwọn tó ń sun èédú fẹ́ràn, torí pé igi wọn le, èédú wọn sì máa ń pẹ́ nínú iná. Ẹmì yìí kan náà ló ń fún wa ní òrí. Igi ẹmì tó bá hù fúnra rẹ̀ lè lo ọdún 15 tàbí 20 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í so èso. Ẹni tó bá gé e lónìí, òrí ẹlòmíràn ló gé. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá wá bá ìyá mi pé kí wọ́n jáwọ́ nínú òwò wọn nítorí ọmọ tí yóò wà láyé ní 2080, wọn yóò bi í pé ta ni yóò san owó WAEC èmi tí mo wà láyé báyìí. N kò rò pé ìbéèrè wọn burú. A kò lè fi ebi pa ọmọ tó wà nílẹ̀ nítorí èyí tó ń bọ̀ lọ́nà, ká wá pe ìyẹn ní ìwà rere.

Nítorí náà, gbèsè tí a jẹ kò lè jẹ́ pé kí a má fọwọ́ kan nǹkan kan. Bí a bá gé igi ẹmì, tí a fi kùkùté rẹ̀ sílẹ̀, tí iná oko kò sì jó o lọ́dọọdún, yóò tún rú. Ohun tó ń pa á pátápátá ni kí a hú kùkùté náà, tàbí kí iná má jẹ́ kí ẹ̀ka tuntun rí ààyè dàgbà. Lójú tèmi, kì í ṣe igi yìí tàbí igi yẹn ni a jẹ ẹni tó ń bọ̀. Agbára igi náà láti tún rú ni. Gbèsè náà kò sì dọ́gba lọ́rùn gbogbo wa: oníṣòwò ńlá tó ń kó èédú kún ọkọ̀ ajagbe lọ sí Èkó ní agbára láti sọ fún àwọn tó ń sun ún pé òun kò ní ra èyí tí wọ́n hú kùkùté rẹ̀. Ìyá mi tó ń ra àpò mẹ́ta kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ mìíràn wà tí a ń fi igi ṣe ní agbègbè wa, tí òkìkí rẹ̀ kàn ju ti èédú lọ, èyí tó sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé mi dáadáa. Iṣẹ́ ọnà gbígbẹ́ ni. Bámigbóyè, tó gbé ní Kájọlà nítòsí Odò-Ọwá, kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ìjọba ní Ọ̀mù-Àrán ní iṣẹ́ yìí ní àwọn ọdún 1930. Ní 2022, Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà pàtẹ àwọn iṣẹ́ rẹ̀. Arẹógun sì wà ní Òsì. Àwọn ère Ẹ̀pà àti ilẹ̀kùn tí ó gbẹ́ wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lókè òkun. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn ló wù mí jù.

Àwọn agbẹ́gilére máa ń pín iṣẹ́ wọn sí ọ̀nà mẹ́rin: ọnà lílé, alétúnlé, dídán àti fínfín. Nítorí pé iṣẹ́ pín báyìí, ọmọ iṣẹ́ tí kò tíì lè dá ère gbẹ́ lè bá ọ̀gá rẹ̀ dán èyí tí ọ̀gá ti lé, kó máa wo ọwọ́ rẹ̀, títí ọwọ́ tirẹ̀ náà yóò fi mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́ báyìí mọ ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ: ó ń fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ ẹni tí yóò bá a du oníbàárà. Ó rọrùn kó fi díẹ̀ pamọ́.

Bándélé, ọmọ Arẹógun, kò kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí bàbá rẹ̀ kọ́ níṣẹ́ ló kọ́ ọ. Ká ní Arẹógun ti fi iṣẹ́ pamọ́ fún ọmọ iṣẹ́ yẹn ni, ọmọ tirẹ̀ gan-an ni ì bá pàdánù. Ohun tó fún ẹlòmíràn ló padà wọ ilé rẹ̀.

Kò tán síbẹ̀. Ní 1947, Fádà Kevin Carroll, àlùfáà Kátólíìkì, àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Bándélé ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ Làmídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún. Ẹ rò ó wò: Mùsùlùmí ń kọ́ṣẹ́ nínú ilé iṣẹ́ àwọn Kátólíìkì, lọ́dọ̀ ọmọ ẹni tó ń gbẹ́ ère Ẹ̀pà. Ní 1954 ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé. Ọdún méje péré. Bí ọdún nìkan ni a fi ń wọn àjọ tó tọ́jọ́, a ó ní èyí kò tọ́jọ́ rárá. Ṣùgbọ́n Fákẹ́yẹ gbé iṣẹ́ náà lọ sí yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀, ó kọ́ àwọn ẹlòmíràn níbẹ̀, kó tó kú ní 2009. Ilé iṣẹ́ ló kú, iṣẹ́ kò kú. Ọ̀pọ̀ àjọ ló wà tí ọ̀rọ̀ tiwọn jẹ́ òdìkejì èyí: pátákó orúkọ wọn ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ mọ́ nínú ilé.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀rọ omi kan ní àdúgbò wa. Ìgbìmọ̀ wà, owó tí a ń dá lóṣooṣù wà nínú àpótí, akọ̀wé sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló mọ bí wọ́n ṣe ń tú ẹ̀rọ náà. Inú gbogbo wa dùn sí i, torí pé kì í gba owó púpọ̀. Nígbà tó rí iṣẹ́ sí Ìlọrin, ó lọ, kò sì ṣe ohun tó burú. Lẹ́yìn náà ni rọ́bà kékeré kan já nínú ẹ̀rọ. Oṣù mẹ́rin ni a fi pọn omi odò, tí owó sì ń pọ̀ sí i nínú àpótí. Kò sẹ́ni tó jí nǹkan kan, kò sẹ́ni tó ṣe ọ̀lẹ. Wọ́n kàn pa owó mọ́ fún ọjọ́ iwájú, wọn kò pa ìmọ̀ mọ́ fún un.

Nígbà tí bàbá náà wá sílé fún ọdún Àjíǹde, ìgbìmọ̀ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá wa tún un ṣe. Wọ́n ní àwọn kò ní fọwọ́ kàn án àfi bí àwọn ọ̀dọ́ méjì bá dúró ti àwọn. Ọmọkùnrin kan jáde, ọmọbìnrin kan láti kíláàsì wa náà jáde. Àwọn méjèèjì ló tú u, wọ́n pààrọ̀ rọ́bà, wọ́n dì í padà, omi sì jáde. Ni bàbá bá ní kí wọ́n tún un tú. Àwọn tó ti gbé garawa dúró bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ṣùgbọ́n bàbá kò dá wọn lóhùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n tú u tí wọ́n sì dì í lọ́jọ́ yẹn, ilẹ̀ sì ti ṣú kí ẹnikẹ́ni tó pọnmi lọ sílé.