Ta Ni Yóò Bá Olórin Rìn Dé Òkè Òkun?

Nínú Ògúndá Méjì, ọ̀kan nínú odù Ifá, Ọ̀rúnmìlà bi àwọn òrìṣà léèrè ẹni tó lè bá olùsìn rẹ̀ rin ìrìn òkun láì padà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣàngó fọwọ́ sọ̀yà. Wọ́n ní bó bá rìn títí tó kan Kòso ńkọ́, tí wọ́n se gbẹ̀gìrì, tí wọ́n ro àmàlà dè é? Ó ní bí òun bá ti yó tán, ilé yá. Báyìí ni kálukú ṣe dáhùn, pẹ̀lú ìlú rẹ̀ àti oúnjẹ rẹ̀, títí ó fi ku Orí nìkan, tí kì í padà lẹ́yìn olùsìn rẹ̀.

Ẹsẹ yìí ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn bí wọ́n bá ń jiyàn lórí àwọn àgbà olórin rọ́ọ̀kì: bí orin wọn kò bá gbòde lórí rédíò mọ́, ṣé wọ́n ti di ẹni àná nìyẹn?

Ẹ wo ẹgbẹ́ olórin Grateful Dead ti Kalifóníà, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1965. Fún ọdún méjìlélógún, orin wọn kan kò wọ mẹ́wàá àkọ́kọ́ lórí àtẹ Billboard. Síbẹ̀ àwọn olólùfẹ́ wọn ń tẹ̀ lé wọn láti ìlú dé ìlú, torí bí wọ́n ṣe kọ orin lánàá kọ́ ni wọn yóò ṣe kọ ọ́ lónìí. Láti 1984 ni wọ́n ti ya àyè sọ́tọ̀ lójú agbo fún ẹni tó bá fẹ́ gba ohùn wọn sílẹ̀. Ohun tí olórin mìíràn ì bá pè ní olè jíjà, àwọn fàyè gbà á, kásẹ́ẹ̀tì sì ń tọwọ́ dọ́wọ́.

Ní 1987, “Touch of Grey” gun òkè dé ipò kẹsàn-án. Láti 1982 ni wọ́n ti ń kọ ọ́ lórí ìtàgé! Èrò wá ya dé, débi pé ẹgbẹ́ náà ń bẹ àwọn tí kò ní tíkẹ́ẹ̀tì kí wọ́n jókòó sílé. Ní July 1995, ní Deer Creek ní Indiana, àwọn tí kò ní tíkẹ́ẹ̀tì wó ọgbà wọlé, eré ọjọ́ kejì sì forí ṣánpọ́n. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni Jerry Garcia, onígìtá wọn, kú.

N kò sọ pé orin náà burú. Ifá kò pe Ṣàngó ní ọ̀dàlẹ̀. Ó bá olùsìn rẹ̀ dé Kòso lóòótọ́. Orin tó gbòde ń mówó wá, ó ń mú ọ̀dọ́ wọlé. Àmọ́ ó ní Kòso tirẹ̀: bí rédíò bá ti yó, ó padà nìyẹn.

Orí olórin ni ohun tó kúnlẹ̀ yàn. Ohun yẹn ló mú Mickey Hart, onílù wọn, wá Babatunde Olatunji, ọmọ Ajido ní Badagry, kàn, tó fi ṣíde eré fún wọn ní Oakland lálẹ́ ọjọ́ tó parí ọdún 1985. Ohun yẹn kan náà ló bí àwo Planet Drum ti Hart ní 1991, tí Olatunji àti Sikiru Adepoju, ọmọ Àyàn, lùlù nínú rẹ̀, tó sì gba Grammy.

Ní 2015, ogún ọdún lẹ́yìn ikú Garcia, àwọn tó kù kóra jọ sí pápá Soldier Field ní Chicago. Òru mẹ́ta gbáko ni pápá náà kún. Kò sí orin tuntun kan lórí Billboard tó pe èrò náà jọ.