Bèrè Àlàáfíà Àwọn Arákùnrin Rẹ



Nígbàtí Jésè rán Dáfídì lọ sí ibùdó ogun, kò fi idà lé e lọ́wọ́. Àgbàdo díndín àti ìṣù àkàrà mẹ́wàá ni ó dì fún un, ó sì ní kí ó lọ wò bí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mẹ́ta ti wà (I Sámúẹ́lì 17). Balógun a máa ka ọmọ-ogun ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ṣùgbọ́n baba a máa kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ní orúkọ. Èyí ni ẹ̀kọ́ tí àwa fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀wò.

Ní abúlé Great Rissington, ní ìgbèríko Gloucestershire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìdílé alágbàṣe oko kan wà tí à ńpè ní Souls. Márùn-ún nínú àwọn ọmọkùnrin wọn lọ sí ogun 1914 sí 1918. Kò sí ọ̀kan tí ó padà. Albert, Frederick àti Walter kú ní 1916. Ní oṣù Épírì 1918, Alfred àti Arthur, tí nwọ́n jẹ́ ìbejì, tẹ̀lé wọn. Ọjọ́ márùn-ún péré ni ó wà láàrin ikú àwọn méjèèjì. Àwa tí a bí ní ilẹ̀ tí gbogbo ọjà ti ńkí ìyá ìbejì, ó yẹ kí a mọ bí ẹrù yìí ti wúwo tó.

A kò rí òkú Frederick sin. Orúkọ rẹ̀ wà lára ilé ìrántí ní Thiepval, ní ilẹ̀ Faransé, láàrin orúkọ tí ó ju 72,000 lọ. Nínú irú ọ̀pọ̀ bẹ́ẹ̀, ta ni yió dá ọ̀kan mọ̀? Ìyá rẹ̀ ni. Àwọn ará abúlé náà a máa sọ pé ó ńtan àbẹ́là sí ojú fèrèsé lálẹ́, bóyá ọmọ náà yió padà wá. Nwọ́n sì ní lẹ́hìn ikú ẹ̀karùn-ún, kò tún dìde mọ́ nígbàtí a bá ńkọ orin Ọba. Kí ẹnikẹ́ni máṣe dá a lẹ́jọ́. Rákélì pẹ̀lú kọ ìtùnú, Ìwé Mímọ́ kò sì bá a wí.

Láti ìlú tiwa náà, àwọn ọmọ àgbẹ̀ lọ sí Burma nínú ogun 1939 sí 1945, pẹ̀lú ẹgbẹ́ ọmọ-ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà; ọ̀pọ̀ ni kò padà. Ilé kan wà tí olúkúlùkù ti jáde. Nítorínà, ẹ̀nyin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ láti bèrè orúkọ wọn lọ́wọ́ àwọn àgbà, kí nwọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó tó parẹ́.

Ìrántí kì íṣe ti fèrè àti òdòdó nìkan. Ìyá àti opó àwọn ọmọ-ogun mbẹ láàrin ìjọ wa lónìí pẹ̀lú. Bí a bá gbàdúrà fún wọn, tí a kò sì mọ̀ bí nwọ́n ti ńjẹun, ẹnu lásán ni a fi rántí. Jésè kò fi ẹnu lásán bèrè. Ó fi àkàrà ránṣẹ́.

Kí Ọlọ́run, ẹnití ó mọ àwọn tirẹ̀ ní orúkọ, kọ́ wa láti máṣe gbàgbé. Àmín.