Ife Mélòó?

Iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́. Láti kékeré la ti ń kọ́ ọmọ bẹ́ẹ̀, mi ò sì rí ẹni tó jiyàn rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n oògùn ni òwe náà pè é. Ta ló ń gbé àgbo mu láìbéèrè ife mélòó?

Àwọn àgbẹ̀ ìlú Ìdèrè mọ ìwọ̀n yìí. Bí oòrùn bá kan àtàrí, wọ́n á fi ọkọ́ sílẹ̀, wọ́n á wọ abẹ́ igi, wọ́n á fi epo jẹ iṣu sísun, wọ́n á sì rẹjú díẹ̀. Láyé àtijọ́, ẹni tó ń bọ òrìṣà kì í roko lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ òrìṣà rẹ̀, ọrọọrún sì ni ọjọ́ náà ń yí po. Kò sẹ́ni tó pè é ní ọ̀lẹ. Láti ara ọjọ́ yẹn la ti rí orúkọ "ọ̀sẹ̀" tí a fi ń pe ọjọ́ méje lónìí.

Ìlú yìí kan náà mọ̀ pé ìdùbúlẹ̀ kọ́ ni ìsinmi. Àrùn sòbìà ló kọ́ wọn. Ẹni tó bá mu omi adágún tó ní àrùn náà, ó di bí ọdún kan kí aràn tó yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó yẹ kó máa ṣán oko. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni yóò fi wà lórí ẹní. Ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ìgbà yẹn ni òwe kejì ń yé èèyàn: ìlera loògùn ọrọ̀. A dúpẹ́ pé 2008 ni wọ́n rí sòbìà kẹ́yìn ní Nàìjíríà, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fọwọ́ sí i ní 2013 pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀.

Ó wá ku ìwọ̀n tàwọn obìnrin ìlú náà. Jane Guyer, onímọ̀ tó gbé Ìdèrè ní 1968, padà síbẹ̀ ní 1988. Ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1997 sọ bí katakata ṣe dé, àti bí àwọn obìnrin ṣe ń dáko tiwọn láti bọ́ Ìbàdàn. Àwọn obìnrin yẹn ni mo máa ń rò. Katakata a máa túlẹ̀, ṣùgbọ́n kì í bó ẹ̀gẹ́, kì í gbọ́mọ pọ̀n. Oko kún iṣẹ́ ilé, kò sì sí èyí tó dín kù. Lálẹ́, bí àwọn ọkùnrin bá ń ta ayò lójúde, èéfín agbada gàrí ṣì ń ta ìyàwó lójú lẹ́yìnkùlé. Ìwọ̀n tirẹ̀, ta ló ń bá a wọ̀n ọ́n?