Ta Ló Ni Àkókò? Àròjinlẹ̀ lórí Aago Ìlú Monrovia

Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ní Yúróòpù àti Àríwá Amẹ́ríkà a máa ti aago síwájú ní wákàtí kan nígbà ooru, wọn a sì dá a padà kí òtútù tó mú. Jámánì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ di òfin ní 1916, nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, kí èédú tí wọ́n fi ń tan iná lè dín kù. Ìdí náà bá ilẹ̀ wọn mu: ní Lọ́ńdọ̀nù, ojúmọmọ a máa ju wákàtí 16 lọ ní oṣù Kẹfà, kì í sì í pé 8 ní oṣù Kejìlá. Ṣùgbọ́n bí a ti ń ṣe ní ilé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Ní Monrovia, tí kò jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọjọ́ tó gùn jù àti èyí tó kúrú jù kò tó wákàtí kan.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kàn wá. Láti 1919, ìṣẹ́jú 44 àti ìṣẹ́jú-àáyá 30 ni aago Làìbéríà fi wà lẹ́yìn ti Greenwich. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kìn-ín-ní 1972, nígbà ìjọba Ààrẹ William Tolbert, orílẹ̀-èdè náà gba àkókò Greenwich. Aago yí padà. Oòrùn kò yí padà. Láti ìgbà náà, aago Monrovia ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 43 ṣáájú oòrùn rẹ̀. Ti Èkó pàápàá, lórí àkókò tí Nàìjíríà ń lò láti 1919, fi nǹkan bí 46 ṣáájú. Ohun tí àwọn ará òkèèrè ń ṣe fún oṣù díẹ̀ ni àwa ń ṣe láti ọdún dé ọdún, láìfún un lórúkọ.

Ǹjẹ́ irọ́ ni aago wa ń pa bí? Rárá. Bí Yorùbá àjùmọ̀lò ni aago rí. Kì í ṣe ohùn Ìjẹ̀bú, kì í ṣe ohùn Èkìtì. Olúkúlùkù fi nǹkan sílẹ̀ kí gbogbo wa lè jọ kà á. Ohun tí a mọ̀ọ́mọ̀ fohùn ṣọ̀kan lé lórí kì í ṣe ẹ̀tàn. Nítorí náà, n kò gbà pé Làìbéríà ta òmìnira rẹ̀ ní 1972. Ọkọ̀ òkun, ọkọ̀ òfuurufú àti rédíò nílò òǹkà tí kò ṣòroó ṣírò.

Ṣùgbọ́n àdéhùn kì í wúwo bákan náà lórí gbogbo èjìká. Ní oṣù Kejì, oòrùn kì í yọ ní Monrovia títí di nǹkan bí aago méje. Lórí aago àtijọ́, ìṣẹ́jú díẹ̀ lé ní aago mẹ́fà ni ìbá jẹ́. Bí agogo ilé-ìwé bá ń lù ní wákàtí kan náà tí ó ń lù tẹ́lẹ̀, ọmọ tí ń fẹsẹ̀ rìn ni yóò bá òkùnkùn pàdé lọ́nà, kì í ṣe ẹni tí ó ṣe òfin.

Níbi tí ìwà ọmọlúàbí ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Ìjọba lè bá ayé ka wákàtí kan náà, kò sì sí èèwọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wákàtí tí a ó ṣí ilé-ìwé, ọjà àti ọ́fíìsì kì í ṣe ti Greenwich. Ti àwa fúnra wa ni. Ẹni tí ó bá gba aago láìtún ètò ọjọ́ ṣe ti fi ẹrù tirẹ̀ lé ọmọ ọlọ́mọ lórí.